Eyín Iwájú Kẹ̀kẹ́ Oyègbèmí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó bá máa pààrọ̀ eyín, kó bojú wẹ̀yìn"?

Mo rí i pé ẹ ti ń wo òkè. Ẹ rò pé ayé àwọn baba ńlá wa ni mo fẹ́ kó yín lọ. Rárá o. Òwe yìí kò tíì dàgbà. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ní fóònù nínú àpò. Kódà, ká ní kò sí fóònù ni, òwe náà ì bá má wáyé rárá.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọsàn. Ọjà ìlú náà wà nísàlẹ̀, ilé Baálẹ̀ wà lókè téńté, ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ sì ga débi pé ewúrẹ́ pàápàá máa ń dúró mí lágbedeméjì. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Òkè, wọ́n á so àsíá ìlú mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kan, ẹni tó ń gùn ún á sì gbé e láti ìdí ọjà dé iwájú ilé Baálẹ̀ láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kanlẹ̀. Bàbá Oyègbèmí ló kọ́kọ́ gbé àsíá náà. Nígbà tí bàbá kú, Oyègbèmí gbà á, kò sì sí ọdún kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Ọsàn ń kú, àwọn ọmọ wọn sì ń ta kẹ̀kẹ́ fún oníirin àlòkù. Alùpùpù ló gba ìgboro. Bó ṣe di ọdún kan báyìí, Múfú, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ bá Baálẹ̀. Wọ́n ní ayé ti kọjá ti kẹ̀kẹ́, kí wọ́n gbé àsíá fún àwọn. Baálẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú kúrò nílé òun, nítorí náà ó wá ọ̀rọ̀ tó máa tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

"Bí kẹ̀kẹ́ bá gbé àsíá gòkè lọ́dún yìí, ti kẹ̀kẹ́ ni títí láé," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ Oyègbèmí bá kanlẹ̀ kó tó débẹ̀, àsíá ti di ti alùpùpù nìyẹn, kò sì ní padà mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Oyègbèmí lára. Ó sàn fún un kó kú ju kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ohun tí bàbá òun fi sílẹ̀ ti bọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, èèyàn dáadáa ni pẹ̀lú, àmọ́ ìwà kan wà lára rẹ̀: kì í wo ohun tó ti kọjá. Bí àga tó kàn lánàá bá ya, èyí tó ń kàn lọ́wọ́ ni kí ẹ bá a sọ. Bí Ìyá Àrẹ̀mú, ìyàwó rẹ̀, bá ní kó yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀kejì, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Iwájú, iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí."

Kẹ̀kẹ́ tó jogún yẹn, kì í ṣe irú èyí tí ẹlẹ́mu fi ń ru agbè. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni. Òyìnbó kan tó wá wọn ojú ọ̀nà ló fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ó fúyẹ́, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, ó sì ní gíà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, nígbà tí Oyègbèmí gbé e wálẹ̀ láti orí àjà, ipata ti bá a jẹun. Ó ní kò sí wàhálà, òun á tú u palẹ̀, òun á sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tú u lóòótọ́. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ha á, ó kùn ún, ó pààrọ̀ wáyà búrẹ́ẹ̀kì àti táyà méjèèjì. Ìgbà tó wá fọwọ́ yí ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ pé kóun wo bó ṣe ń lọ, ó gbọ́ ká, ká, ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Eyín mẹ́ta ti kán níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé inú mọ́tò ni wọ́n bí yín sí. Kẹ̀kẹ́ ní eyín níwájú, ó sì ní lẹ́yìn. Ti iwájú ni àwo irin róbótó ńlá tó wà níbi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni àwọn kéékèèké tó tò léra wọn láàrin táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ló ń sáré yí àwọn méjèèjì ká. Eyín á wọnú ihò ṣéènì, ihò ṣéènì á gba eyín, kẹ̀kẹ́ á máa lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ èkejì, ẹsẹ̀ yín á máa yí, ẹ̀yin á sì wà lójú kan náà.

Kò sẹ́ni tó ń ta eyín kẹ̀kẹ́ mọ́ ní Òkè-Ọsàn. Ìbàdàn ni wọ́n ti lè rí i, Làmídì, àbúrò Ìyá Àrẹ̀mú, ló sì wà ní Ìbàdàn. Làmídì yìí, ẹni tó ń tètè jẹ́ iṣẹ́ ni. Kó o tó sọ̀rọ̀ tán ó ti wọ bàtà. Ohun tí kì í ṣe ni kó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ọsàn kì í sì í gbé ohùn, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ló ń gbé, àfi kí èèyàn gun òkúta kan lẹ́yìn ilé Baálẹ̀ kó tó lè rán an. Oyègbèmí gun òkúta náà, ó yọ fóònù olótọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Lamidi, eyin ti kan. Ba mi ra eyin tuntun wa kia."

Ẹ wá wò ó. Fóònù yẹn kò mọ àmì òkè, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Oyègbèmí rò pé òun ti kọ ọ́ pé eyín ti kán. Làmídì ní tirẹ̀ kà á pé ẹyin ti kan. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Ó ní àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ẹyin tó ti kan ló ń jẹ.

Nígbà tí mọ́tò Ìbàdàn dé, awakọ̀ ní kí Oyègbèmí wá gba ẹrù rẹ̀. Kéréètì ẹyin ni, wọ́n tò léra wọn dé àyà èèyàn. Awakọ̀ ní, "Làmídì ní kí n kí yín. Ó ní ẹ má jẹ àwọn ti tẹ́lẹ̀ yẹn mọ́."

Oyègbèmí dúró, ó ń wo ẹyin. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá dá ara rẹ̀ lóhùn pé Làmídì gbọ́n, inú ẹyin ló tọ́jú irin náà sí kó má baà kán lójú ọ̀nà. Bó ṣe délé, ó ń mú ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó sílẹ̀ nínú yàrá, ó ń wá eyín nínú ẹyin, títí ilẹ̀ yàrá fi kún tí kò sí ibi tí wọ́n á gbà kọjá. Ìyá Àrẹ̀mú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í léèrè ohun tó ń wá. Ó ní eyín ni. Obìnrin náà ní ṣé èyí tó wà nílẹ̀ kò tó ni.

Oyègbèmí tún fóònù wò. Ó rí i pé ohun tóun kọ ló rí gbà. Orí òkúta ló tún gbà lọ, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun á là á yé e: "Ki i se ti adie. Eyin iwaju ni. Meta ti kan. Ti eyin si dara."

Ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn pamọ́ sápò o. Ó ní ti ẹ̀yìn ṣì dára. Ta ló wò ó? Kò bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣáà kọ ọ́ ni.

Nígbà tí Làmídì ka èyí, ojú tì í pé òun ti ra ẹyin fún ẹni tí kò ní eyín. Eyín iwájú mẹ́ta, tó sì máa gbé àsíá níwájú gbogbo ìlú. Lọ́gán ló wá Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá lọ, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe eyín àtọwọ́dá, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì fi í sínú mọ́tò.

Pópóọlá dé Òkè-Ọsàn pẹ̀lú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó kí Oyègbèmí, ó ní Làmídì ló rán òun wá, pé ó ní eyín iwájú ló ń da Oyègbèmí láàmú. Inú Oyègbèmí dùn. Ó gbé àga fún un. Ó ní òótọ́ ni, mẹ́ta ló kán.

"Kí ló fà á?" ni Pópóọlá béèrè.

"Ipata ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi girísì pa á kẹ́yìn."

Pópóọlá gbójú sókè. Kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìlú tí kálukú wá yàtọ̀, àṣà sì yàtọ̀. Ó rọra béèrè pé, "Kí mẹ́ta yẹn tó kán, mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

"Méjìléláàádọ́ta."

"Ẹ jọ̀ọ́, mélòó lẹ pè é?"

"Méjìléláàádọ́ta," ni Oyègbèmí wí, "ti iwájú nìkan nìyẹn o. Ti ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Oyègbèmí yanu. Ọ̀rọ̀ náà rú Oyègbèmí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí pé wọ́n máa ń wo ẹnu ẹṣin kí wọ́n tó rà á, ó ní bóyá bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń wo agbára ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ó yanu. Pópóọlá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Eyín pé síbẹ̀ rẹ́gírẹ́gí, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Kò sí èyí tó kán níbí," ni Pópóọlá wí.

"Kò sí ní ẹnu. Ó wà lẹ́yìnkùlé."

"Eyín yín wà lẹ́yìnkùlé?"

"Mo ti tú u sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn."

Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá dìde, ó ń fojú wá ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àrẹ̀mú tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, kẹ̀kẹ́ ni o." Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì tún jókòó.

Pópóọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo eyín tó lé láàádọ́ta náà. Ó wo ti iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn, ó mi orí. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnu èèyàn ni, òun kì í ṣe ti iwájú láìwo ti ẹ̀yìn, nítorí bí ẹnu bá pa dé, àwọn méjèèjì ló gbọdọ̀ gba ara wọn. Oyègbèmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò kan kẹ̀kẹ́. Pópóọlá ní òun á padà wá wòran lọ́jọ́ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Òkè ń sún mọ́lé. Oyègbèmí tún gun òkúta, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Lamidi, eyin keke ni. Eyin keke. Ki i se ti enu."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìgboro ti mọ ohun tó ń bọ̀. Lóde òní, bí ará Ìbàdàn bá gbọ́ kẹ̀kẹ́, ti ológeere kọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń kó èrò. Làmídì kà á pé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀gbọ́n òun fi eyín sílẹ̀, ẹ̀yìn Márúwá ló wá kù tó ń wá, ṣùgbọ́n ta ni òun tóun á máa yẹ àgbàlagbà lọ́rọ̀ wò. Nígbà tí mọ́tò dé, ìjókòó ẹ̀yìn Márúwá ló wà lórí rẹ̀, odindi, pẹ̀lú fóòmù àti ibi ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n fi rọ́bà pupa bò.

Oyègbèmí yí ìjókòó náà po. Ó tẹ fóòmù rẹ̀ lọ́wọ́, bóyá wọ́n fi irin náà sí abẹ́ rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, ó jókòó lé e, ó fọwọ́ lérán. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé e mọ́. Ó ní eyín, wọ́n fún un ní ẹyin. Ó ní iwájú, wọ́n ní kó yanu. Ó ní kẹ̀kẹ́, wọ́n fún un ní ẹ̀yìn. Ìyá Àrẹ̀mú jókòó tì í, ó ní ìjókòó náà mà tuni lára o, pé òun á gbé e sí ìdí ọjà lọ́jọ́ náà kí àwọn àgbà rí ibi jókòó, òun á sì se àwọn ẹyin tó kù síbẹ̀ fún títà.

Ní ìparí, Oyègbèmí ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́. Ó mú àwo irin tó kán, ó fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́. Bí Làmídì ṣe rí i, ó gbá itan rẹ̀. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ó sì ní èyí tó dára jù ni kí wọ́n fún òun. Wọ́n gbé àwo tuntun kan jáde, tó ń dán, tó fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a mu. Ṣéènì òde òní tẹ́ẹ́rẹ́, torí eyín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ òde òní pọ̀, wọ́n sì fún mọ́ra. Ti àtijọ́ kò pọ̀, ó sì nípọn. Ọlọ́jà béèrè pé, "Ti ẹ̀yìn ńkọ́, irú wo ni?" Làmídì yọ fóònù, ó ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí i. "Ó ní ti ẹ̀yìn ṣì dára," ló wí, ó sì gba ọjà rẹ̀.

Oyègbèmí dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Ihò irin tuntun bọ́ sójú ihò àtijọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ó fọwọ́ yí i, ó ń lọ wìì bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Àrẹ̀mú bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń fìka tọ́ka. Ó ní eyín ẹ̀yìn yìí ti jẹ, ó ti ṣóńṣó bí eyín ẹja, ṣéènì kò sì jókòó lórí rẹ̀, ó kàn gbára lé e ni.

"Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ti ẹ̀yìn ṣì dára," ni Oyègbèmí dá a lóhùn. "Ṣé kí n wá sọ ara mi di òpùrọ́ ni?" Ó sì fi kún un pé iwájú, iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ó gùn ún yí ọjà ká lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò ṣe é ní nǹkan kan. Èèwọ̀ ni kí ẹni tó máa gbé àsíá fi kẹ̀kẹ́ gun òkè náà ṣáájú ọjọ́, nítorí náà ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́ Òkè pé. Gbogbo ìlú tú jáde. Baálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ọjà láti so àsíá, wọ́n sì fi í jókòó sórí ìjókòó pupa náà, torí kò sí èyí tó tuni lára tó o. Ìyá Àrẹ̀mú to kéréètì ẹyin sísè sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà. Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá dé láti Ìbàdàn, ó dúró láàrin èrò. Múfú àti àwọn ọlọ́kadà tò lórí alùpùpù wọn, wọ́n ń retí.

Oyègbèmí gbéra. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ dára, ìkejì dára. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ga, ó wá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ gàgà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, gàgà-gàgà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, ṣéènì ń fò lórí eyín ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi kún agbára. Igi ọsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Èyí dà á lórí rú gan-an, torí igi kì í gun òkè. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ síwájú tọkàntọkàn, ó ń lọ sẹ́yìn, kò sì lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, torí bí ó bá fi kàn án, ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ bojú wẹ̀yìn! Ẹ bojú wẹ̀yìn!"

Oyègbèmí gbọ́. Ó rò ó pé ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ eyín ẹ̀yìn fún gbogbo ìlú. Ìyá Àrẹ̀mú ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Inú bí i. Dípò kó wo ibi tó ń lọ, ó tẹjú mọ́ ṣéènì, ó sì ké dá wọn lóhùn pé, "Ti ẹ̀yìn ṣì dára!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni kẹ̀kẹ́ fẹ̀yìn sáré wálẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kọlu tábìlì ẹyin, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó dà bí ìwo àgbò yẹn gbá a lẹ́nu, Oyègbèmí fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó sì fìdí balẹ̀ gbì sórí ìjókòó pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ yíjú sí i. "Oyègbèmí," ló wí, "o ti dé?"

Oyègbèmí fọwọ́ bo ẹnu, torí eyín iwájú mẹ́ta ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa wọ́n láàrin èèpo ẹyin. Múfú sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó wá síwájú, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ wọn ti kanlẹ̀."

Gbogbo èèyàn wo ẹsẹ̀ Oyègbèmí. Ọ̀kan nà sókè, ó wà lófuurufú. Ìkejì wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kéréètì ẹyin kan ló wà níbẹ̀, ẹyin tó ti fọ́ sì ń yọ láàrin ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹyin ló kàn," ni Baálẹ̀ wí. "Kò kanlẹ̀."

Múfú ní ṣùgbọ́n kò dé òkè. Baálẹ̀ gbà fún un pé kò dé òkè. Ó wá ronú, ó sì dájọ́ pé bí kò ti dé òkè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà nìyẹn. Kí wọ́n gbé e lọ sílé bó ṣe wà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀, títí kẹ̀kẹ́ náà á fi dára tí á sì parí ìrìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ló gbé e, ìjókòó pupa àti òun àti kéréètì, wọ́n ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Oyègbèmí ṣe jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí kéréètì, tí wọ́n ń gbé e káàkiri. Ẹ má bi mí bó ṣe ń dé ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Àrẹ̀mú ló gun òkúta lọ́tẹ̀ yìí. Eyín ọkọ rẹ̀ ti kán ní tòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ro ó láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ pé: "Lamidi, eyin iwaju egbon re ti kan. Eyin naa ko dara. Tete wa."

Làmídì ka èyí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú òun ti là, wọn kò lè fi ẹyin tan òun jẹ mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà, ó ní ti iwájú ti kán, ti ẹ̀yìn náà kò dára. Ọlọ́jà wọ inú ilé lọ, ó gbé eyín iwájú, eyín ẹ̀yìn àti ṣéènì jáde, èyí tí wọ́n tú lára kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n sì mọ ara wọn. Làmídì kó wọn, ó wọ mọ́tò. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó Márúwá, ẹnu ṣófo, ó fà á lé e lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Oyègbèmí wo irin náà, ó fahọ́n kan ibi tí eyín rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kó sunkún ni tàbí kó rẹ́rìn-ín, ó bá ṣe méjèèjì.

Orí ìjókòó yẹn náà ló ti tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wò kó tó wo iwájú. Nígbà tó parí, wọ́n gbé e láti orí ìjókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní ìdí ọjà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò sí gàgà. Igi ọsàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń lọ sẹ́yìn bó ṣe yẹ kí igi máa ṣe. Oyègbèmí gbé àsíá bàbá rẹ̀ dé iwájú ilé Baálẹ̀, Múfú alára ló sì di kẹ̀kẹ́ mú fún un kó lè sọ̀.

Baálẹ̀ ní kó bá ìlú sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pópóọlá kò tíì ṣe eyín fún un, ó ní òun ṣì ń wo ti ẹ̀yìn ná, nítorí náà atẹ́gùn ló ń gba ẹnu Oyègbèmí jáde bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní ẹyin ló pè, kò pe eyín, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àwọn ará Òkè-Ọsàn kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ẹyin lábẹ́ adìyẹ, ìdí adìyẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí eyín rẹ̀ pé. Ohun tí Oyègbèmí sọ ni pé, ẹni tó bá máa pààrọ̀ eyín, kó bojú wẹ̀yìn.